Ìkéde Ààfin Ìmọ́jọ Lórí Kọ̀ǹpútà Ọ̀dọ̀fin àti Adìẹ Tó Sàba

Kéé! Kéé! Kéé!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìmọ́jọ, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń fọṣọ, kó fi ọṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹun, kó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, kó má bàa há a lọ́fun. Ẹni tó ń wo fóònù, mo mọ̀ pé kò ní gbọ́, ẹ bá mi fọwọ́ tọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́rọ́rọ́ parí lónìí! A ti gbé odó dìde! Agogo ti gba ẹnu rẹ̀ padà! Ohun àkọ́kọ́ tí agogo sì fẹ́ fi ẹnu náà sọ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ ni! Kọ̀ǹpútà! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòtò tó wà lójú ọ̀nà ọjà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tó kú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń jókòó gbá bọ́ọ̀lù! Ààfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu lásán ni mo yá ààfin. Olóyè tó bá sì gbọ́ tí mo dárúkọ rẹ̀ láìfi ọ̀wọ̀ kún un, kó má bínú. Nígbà tí agogo ààfin bá ń dún, Kábíyèsí nìkan ni àgbà. Gbogbo olóyè yòókù, ọmọdé ni wọ́n lẹ́nu mi. Ẹni tó bá dùn, kó lọ bá ààfin.

Fún àlejò tó wọ̀lú láàárín ọ̀sẹ̀, tó rò pé odi ni gbogbo wa: Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ìgbà tí ilẹ̀ ń sinmi kí iṣu tuntun tó wọ̀lú. A kì í gúnyán. A kì í tan jẹnẹrétọ̀. A kì í pe ara wa láti òdìkejì títì. Gbogbo odó ni a ń dà dé, Olóyè Àró á sì fi aṣọ funfun wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìró kankan má bàa yọ. Àwọn baba wa ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Olóyè Ọ̀jẹ́níyì, Ọ̀dọ̀fin ìlú yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ń bọ̀ nígbà tó bá wu ẹni tó ń san án. Ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìbídùn, wà ní Kánádà, ó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tán láàárín wọn. Ṣé o wà dáadáa? Mo wà dáadáa, bàbá. Ó tán. Ìgbà tí Ìbídùn wá kọ́ baba rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jọ gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, òun ní Kánádà, baba níhìn-ín, ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bọ́ọ̀lù ń yí, ẹnu ń yá. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Ọ̀dọ̀fin ń wẹ̀, tó ń wọ aṣọ tó dára, tó ń jókòó síwájú ẹ̀rọ bí ẹni tó lọ fẹ́ àfẹ́sọ́nà.

Ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má purọ́! Olóyè Àró ló ṣáájú yín. Àró ní òun kò rí irú èyí rí, kí bàbá máa bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní bàbá tó bá gbọ́n a jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rù òun. Ọmọ tirẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ lóòótọ́. Ó bẹ̀rù rẹ̀ títí dé Jọ́ọ̀sì, kò sì pè é láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ wo ni Ọ̀dọ̀fin rà ná! Háà! Ó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà nígboro, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Lámídì Oníná. Lámídì ta àpótí kan fún un tó ń tan iná pupa, tó ń tan búlúù, tó ń tan àwọ̀ ewé, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ fi ṣí. Iná ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó bàbá. Èyí tó ṣẹ́ kù ni Lámídì fi ra fáànù kéékèèké tí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ewúrẹ́ ilé kejì já okùn.

Ìbídùn kò gbọ́ baba rẹ̀ mọ́! Baba á bi í pé ṣé ó ti jẹun, ọmọ á dáhùn pé gòólù mẹ́ta ni òun ti jẹ. Baba á ní àárò rẹ̀ ń sọ òun, ọmọ á ní kí baba ti fèrèsé, òjò tó ń rọ̀ nílé ti pọ̀ jù. Òjò wo? Fáànù ni! Bí Ọ̀dọ̀fin ṣe kọ́ igbe kíké nìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi dà bí ti ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko.

Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́rọ́rọ́ ti èṣín wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi Ìbídùn lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún tí kì í gbé aláìsàn kankan. Ìgbìmọ̀ olóyè jókòó. Wọ́n ronú. Ẹ̀yin ará Ìmọ́jọ, nígbà tí àwọn olóyè yìí bá ń ronú, ẹ máa sá fún wọn! Àró ní ohun tó bá ti ń pariwo, odó ni. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Ọ̀dọ̀fin fúnra rẹ̀ ló mú aṣọ funfun wá! Wọ́n da kọ̀ǹpútà dojú bolẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wé e yíká, wọ́n so ó pinpin, wọ́n tún wé òmíràn lé e. Ariwo lọ sílẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n jókòó ti ọtí tán ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi tú u, aṣọ funfun ti di etù, kọ̀ǹpútà sì ti kú.

Ìbídùn jókòó síwájú tirẹ̀ ní Kánádà, ó ń retí. Baba kò yọjú. Fóònù baba náà ti kú, nítorí iná ti lọ láti ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ sì di èèwọ̀. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ parí tí ohùn wọn tó pàdé, ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun ti rò pé wọ́n ti sin bàbá òun láìsọ fún òun. Ọ̀dọ̀fin gbé fóònù sílẹ̀, ó fi fìlà bojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àní ẹ̀yin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún yìí, ìsinmi Ìbídùn tún bọ́ sí Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́rọ́rọ́. Ọ̀dọ̀fin lọ dọ̀bálẹ̀ láàfin, ó ní òun yóò ra ẹ̀rọ tí kì í pariwo. Kábíyèsí ní àwọn gbà. Ṣùgbọ́n tó bá pariwo, ààfin yóò gbẹ́sẹ̀ lé e, kò sì ní rí i gbà mọ́ láyé. Kí wọ́n lè mọ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, Ọ̀dọ̀fin dá òfin kan lábàá níbẹ̀: ẹnikẹ́ni tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀ tàbí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, yóò gbé odó ńlá ààfin sórí, yóò sì fi yí ìlú ká lójú gbogbo ayé. Ọ̀dọ̀fin ló dá a lábàá o! Ọ̀dọ̀fin ni! Ẹ fi í sọ́kàn.

Ẹ wá gbọ́ àṣẹ tí ààfin pa láti inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ há a sórí!

ÀṢẸ KÌÍNÍ! Kọ̀ǹpútà kì í ṣe odó! Mo tún un sọ! Kọ̀ǹpútà kì í ṣe odó! Mímí ló ń mí. Ẹ má fi aṣọ wé e, ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má gbé bíbélì àti kùránì lé ihò tó fi ń mí. Ẹni tó bá wé kọ̀ǹpútà, a ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọyẹ́ wé òun náà, a ó mú un dúró sínú oòrùn ọ̀sán níwájú ààfin, títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ dára. Nígbà tí Kábíyèsí ń pa àṣẹ yìí, Àró ni wọ́n ń wò.

ÀṢẸ KEJÌ! Iná kì í gbá bọ́ọ̀lù! Lámídì Oníná tún fẹ́ ta àpótí oníná fún Ọ̀dọ̀fin lọ́dún yìí. Ó ní tòdé òní ni. Ó ní Ọ̀dọ̀fin kò ní fẹ́ kí wọ́n rí olóyè pẹ̀lú kéèsì dúdú. Ìbídùn ti kọ́ baba rẹ̀ lórí fóònù ṣáájú bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀rọ, ó sọ ọ́ fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí baba ń kọ́ òun náà ní Á-Bí-Dí. Ọ̀dọ̀fin dá Lámídì lóhùn pé òun kò wá ra ọdún Kérésì. Ó ra kéèsì kan tó dúdú, tó burẹ́wà, tó lu jára níwájú bí ajere, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi owó oúnjẹ ra iná, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ nínú yín yóò gbé àtùpà títàn káàkiri ìlú lọ́sàn-án gangan, a ó sì máa bi í pé kí ló ń wá.

ÀṢẸ KẸTA! Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́! Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì kan wà tó ń ya àwòrán bọ́ọ̀lù sójú ẹ̀rọ. Òun ló ń jẹ iná jù, òun náà ló ń jẹ owó jù. Ohun tó bá jẹ iná púpọ̀ a gbóná. Ohun tó bá gbóná a pe fáànù. Fáànù tí wọ́n bá pè a kígbe. Ṣé ó yé yín? Kò yé yín. Nínú ìlú yìí kan náà la ti rí ẹni tó ra káàdì ńlá tó tó bíríkì, tó wá ń fi wo bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ní ìlà láàárín! Ọ̀dọ̀fin ra èyí tó wà láàárín, tòkunbọ̀ tó mọ́, ó sì pàṣẹ fún un kó má sáré ju bí ojú ẹ̀rọ ṣe lè gbà lọ. Owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló fi ra àpótí tó ń pín iná, èyí tó dára, nítorí ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣahun. Ẹni tó bá ra káàdì tó ju ojú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, yóò gbé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ẹran ìnáwó òkú kaná, yóò fi se ẹyin ẹyọ kan, yóò sì jẹ ẹ́ lójú wa láìmu omi.

ÀṢẸ KẸRIN! Fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ sàn ju kéékèèké tó ń sáré! Àwọn olóyè wa mọ èyí nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, kò sígbà tí wọn kì í fi dá yín lẹ́kun. Nínú ọ̀rọ̀ fáànù nìkan ni wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

ÀṢẸ KARÙN-ÚN! Ẹ gé rọ́bà sílípáàsì tó ti gbó, ẹ fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà, kó má bàa máa gbọ̀n lórí tábìlì. Sílípáàsì ti ara yín o! Ààfin ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí a bá ká bàtà onímọ̀le mọ́ lábẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi lọ oko títí ọdún yóò fi yí.

ÀṢẸ KẸFÀ! Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí! Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò ṣiṣẹ́ nínú Ọ̀sẹ̀ Ìdákẹ́rọ́rọ́ tí kò bá kọ́kọ́ kọjá níwájú adìẹ tó sàba! Bẹ́ẹ̀ ni! Adìẹ! Ìgbìmọ̀ wádìí wádìí, wọn kò rí ẹlòmíràn tó mọ iyì ìdákẹ́jẹ́ nílùú. Tí adìẹ bá dìde lórí ẹyin, ẹ̀rọ náà ti di ti ààfin. Tí adìẹ bá jókòó, olówó ẹ̀rọ lè jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ rọ́ lé ara yín lórí lójú fèrèsé Ọ̀dọ̀fin lọ́jọ́ ìdánwò ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ rí i. Wọ́n gbé adìẹ àti agbọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Òógùn bo Ọ̀dọ̀fin. Ẹni tó ti pàṣẹ fún kíláàsì bí i ọgbọ̀n rí, adìẹ ló wá ń bẹ̀ pẹ̀lú ojú! Wọ́n tan ẹ̀rọ. Adìẹ yí ọrùn. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wo Àró. Ó pa ojú dé. Àró ní kò tíì tó, kí wọ́n tan géèmù sí i. Wọ́n tan géèmù. Bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Adìẹ fi orí bọ abẹ́ ìyẹ́, ó sùn. Inú Ọ̀dọ̀fin dùn débi pé ó dìde láti kígbe, ó rántí òfin, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu. Láti òní lọ, adìẹ náà ti di olóyè. Ẹni tó bá fún un ní àgbàdo lábẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè yege, a ó dá a jókòó lórí ẹyin náà títí yóò fi pa.

Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ó yẹ kí ìkéde mi ti parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú dé.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Odó sùn. Ajá dákẹ́. Ewé tó já, ẹ gbọ́ ọ. Ìbídùn ti jókòó ní Kánádà, Ọ̀dọ̀fin ti jókòó níhìn-ín. Kò fẹ́ kí ohùn ọmọ rẹ̀ da ìlú láàmú, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì, ńlá, bí ife méjì. Iná ìjọba wà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kò dún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìbídùn bi í, Ọ̀dọ̀fin fúnra rẹ̀ ló padà sọ ọ́ fún Kábíyèsí, ni pé ṣé òjò ti dá.

Ọ̀dọ̀fin fẹ́ dáhùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí igbe kíké bo ariwo mọ́lẹ̀ ti mọ́ lára, tí etí rẹ̀ tún wà nínú ife méjì, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ariwo ti lọ? Ó lanu. Ó kígbe! Ariwo ẹ̀rọ ló ti ń bo ohùn bàbá láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rọ dákẹ́, afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ!

Láti òkè Ìdó títí dé odò, kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Ó ní òjò ti dá, ọmọ mi! Ó ní ṣé o ti jẹun? Ó ní ta ló ń dì ọ́ nírun níbẹ̀ yẹn? Ó ní ilé yìí ti ṣófo jù, bọ́ọ̀lù kọ́ ni mo ń wá, mi ò tilẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ìwọ ni mò ń wá. Ó ní àárò rẹ ń pa mí, Ìbídùn. Ó ní mi ò sọ ọ́ fún ọ rí torí pé ẹnu mi ò gbà á. Ó ń kígbe gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń polówó iṣu! Èmi ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo gbé ẹ̀pà náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀! Òfin tí Ọ̀dọ̀fin dá lábàá ti dè é mọ́lẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́jú òní, ó ti dé ààfin pẹ̀lú òṣùká lórí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá jẹ́ odó ni owó ọ̀rọ̀ tí òun bá ọmọ òun sọ, òun yóò gbé méjì. Bàbá arúgbó tí eékún ń dùn!

Kábíyèsí ní òfin ni òfin. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn Ọ̀dọ̀fin, kó jáde wá jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀rí ní Ìmọ́jọ, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sọ, bó ṣe gbọ́ ọ, ní gbangba. Àró jáde. Ó na ìka. Ó ní òun gbọ́ ọ kedere, ọ̀rọ̀ àárò ọmọ ni. Kábíyèsí ní kó sọ ọ́. Àró lanu. Ó pa á dé. Ó tún lanu. Ó wá ní òun kò rántí mọ́. Àró, tó mọ gbogbo odó ìlú yìí àti orúkọ ẹni tó ni ín, ló ní òun kò rántí! Ó padà lọ jókòó, ó sì ń wo ìhà Òkè Ọya lọ́hùn-ún. Wọ́n bi àwọn olóyè yòókù, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n bi èmi náà. Mo ní agogo ti di mí létí láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, ÀṢẸ KEJE, èyí tó kẹ́yìn, èyí tó wúwo jù! Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkankan ní Ìmọ́jọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú! Ohun tí ẹ kò gbọ́ ni mo kà fún yín yẹn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ kò gbọ́. Ẹni tó bá sín Ọ̀dọ̀fin jẹ lójú ọjà, òun ni yóò gbé odó. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín lẹ́nu omi, òun ni yóò gbé odó. Ẹni tó bá sì ní ọmọ lókèèrè, tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti ọjọ́ yìí wá, Kábíyèsí ní kò di dandan kó ra kọ̀ǹpútà kó tó sọ ọ́.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Agogo ń relé, ẹsẹ̀ ń relé, ẹnu tí mo yá ààfin, mo gbà á padà.

Ẹ ò gbọ́ o! Ará Ìmọ́jọ, tọmọdé tàgbà! Ẹ ò gbọ́ o!

Kéé!